Kúbùsù Tí Etí Rẹ̀ Kọ̀ Tí Kò Tọ́

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Jẹ́jẹ́ fi hun kúbùsù ìgbéyàwó ara rẹ̀, kò sì tíì ní ọkọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kúbùsù náà, torí òun gan-an ni wọ́n fi so ọmọbìnrin yìí mọ́lé.

Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Oníwúùlù. Òkè ìsọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀ kan, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tóóró tí ẹni méjì ò lè pàdé lórí rẹ̀ kí ẹnì kan má fi ẹ̀yìn ti ògiri. Kúbùsù ni wọ́n ń tà. Wọn kì í hun ún lódindi. Ẹyọ kéékèèké ni wọ́n ń fi ìkọ́ hun, onígun mẹ́rin, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹyọ bá ti pé iye tí wọ́n fẹ́, wọ́n á so wọ́n pọ̀, ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, títí á fi tó ẹni bora. Nígbà tí ọwọ́ Màmá ṣì dá ṣáṣá, ó lè hun ẹyọ kan tán kí omi tíì tó hó lórí iná. Àmọ́ oríkèé ìka rẹ̀ wú, wọ́n gan, wọ́n sì kọ̀ láti ká. Láti ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ ti di ọwọ́ fún un. Òun ló ń hun, òun ló ń so, òun náà ló ń de bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ láràárọ̀, torí bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì sí ọmọ mìíràn. Jẹ́jẹ́ kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó gbà.

Òfin kan wà nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Ìdajì kì í sùn níbẹ̀. Ẹyọ tí o bá bẹ̀rẹ̀, o gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí iná orí òpó tó wà níwájú ilé tó tàn nírọ̀lẹ́. Èyí tí kò bá parí, títú ni wàá tú u, wàá sì ká wúùlù rẹ̀ padà. Ìyá tó bí Màmá ló fi òfin yìí lé Màmá lọ́wọ́. Láti ọmọ ọdún méje ni Jẹ́jẹ́ ti ń tú ìdajì, kò sì rò ó rí ju bí èèyàn ṣe ń ro fífọ eyín lọ.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìsọ̀. Láàárín oṣù méjì, ó ra kúbùsù ọmọ ìkókó mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ kò bí ọmọ kankan. Màmá ò nílò àlàyé. Ó pe Jẹ́jẹ́ jókòó.

"O fẹ́ẹ lọ sílé ọkọ, àbí?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ojú ẹ ti bá ẹ sọ ọ́. Kò burú. Lọ hun kúbùsù tìẹ. Onígun mẹ́fà ni kó o hun, irú ti búráùn mi yẹn. Ọjọ́ tí gbogbo etí rẹ̀ bá tọ́ láìwọ́ níbì kankan, kí wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀."

Kúbùsù búráùn yẹn nìkan ni onígun mẹ́fà tó wà nílé. Màmá ló hun ún nígbà ọmọge rẹ̀. Inú àpótí ló máa ń wà, àfi nígbà ọ̀tútù tí Màmá bá gbé e jáde. Jẹ́jẹ́ wo ẹyọ àárín rẹ̀ dáadáa, ó ka ìhun rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó rò pé oṣù mẹ́jọ á tó.

Ìlà mọ́kànlélógún ló so. Onígun mẹ́fà kì í to ara wọn bíi ti onígun mẹ́rin. Ìlà kejì máa ń wọ àárín ìlà kìíní, bí afárá oyin. Òkè àti ìsàlẹ̀ ò fún un ní wàhálà, ó fi ìhun gíga àti kúkúrú dí wọn, wọ́n sì tọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ló le. Ìlà kan á yọ síta, èyí tó tẹ̀ lé e á wọnú, àlàfo á wà níbẹ̀ bí ibi tí eyín ti ká. Tó bá fi odindi ẹyọ kan dí àlàfo náà, ẹyọ náà á yọ ju àwọn tó kù lọ, ìlà tó wà lókè rẹ̀ ló máa wá kúrú. Á fi kún ìyẹn náà. Kúbùsù ń fẹ̀ sí i, etí rẹ̀ ò sì tọ́. Lóṣooṣù, Màmá á fi ìka wíwú rẹ̀ tọ etí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó wọ́," á ní. Jẹ́jẹ́ á gbé e padà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Tíṣà jókòó ti kúbùsù yìí fún ọdún kan. Ọkùnrin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa igun láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò rí nǹkan kan tó ṣe igun yẹn. Lẹ́yìn ọdún náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn, kò sì pẹ́ tó fi fẹ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi nínú balùwẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún. Nígbà tó jáde, Màmá ti gbé ìkọ́ àti wúùlù sórí àga dè é.

* * *

Màmá ní àbúrò obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níparí òpópónà. Àǹtí yìí ò fẹ́ràn bí nǹkan ṣe ń lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní kí Jẹ́jẹ́ gbé kúbùsù ọmọ ìkókó márùn-ún wá, kó sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá tó wà níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jẹ́jẹ́ tò wọ́n, Àǹtí tún ní kó tún gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù náà tò, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ẹ jáde, ọkùnrin kan tó wà lórí orúnkún gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró níbẹ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ gbogbo ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ibi tí ọkùnrin náà wà, táìsì tuntun ló kún ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì tutù láàárín wọn.

"Ó máa tó ìgbà wo kó tó gbẹ?"

"Bíi wákàtí méjì."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

"Fèrèsé wà. Àmọ́ mi ò rò pé ẹ jọ ẹni tó ń gba fèrèsé."

Jẹ́jẹ́ wo Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó dúró lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí ń wo àjà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó yíjú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé Àǹtí ló mọ̀ọ́mọ̀ sé òun mọ́bẹ̀.

Ó jókòó sórí àga aláìsàn, ó yọ ìkọ́ rẹ̀, ó sì ń hun. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Onítáìsì tó tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń hun yẹn?"

"Kúbùsù."

"Igun mẹ́fà ni."

Jẹ́jẹ́ wo ẹyọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo táìsì tó wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà. Àwòrán kan náà ni. Ó rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

"Tiyín ń fọ́ tó bá já bọ́," ó ní.

"Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi ń tú."

"Tiyín sàn. Ohun tó bá tú ṣeé tún ṣe."

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti sọ pé nǹkan kan nínú ayé Jẹ́jẹ́ sàn. Wákàtí méjì pé, ilẹ̀ gbẹ, kò sì sí èyí tó yára dìde nínú àwọn méjèèjì.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún oṣù mẹ́rin. Ilé ìwòsàn náà tóbi tó láti lẹ táìsì sí fún ìgbà pípẹ́, Àǹtí sì ń rí i pé kúbùsù ọmọ ìkókó ń tán ju bí wọ́n ṣe ń bímọ lọ. Onítáìsì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá sì sọ ọ́, á dúró kó gbọ́ èsì. Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dà á láàmú. Ó ń hun wúùlù pupa síbi tó yẹ kó fi òféfèé sí. Tó bá ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, á dúró, á nu ẹ̀rín kúrò lójú kí ó tó wọlé bá ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Onítáìsì fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó bá a sọ̀rọ̀, ni Jẹ́jẹ́ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

"Wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú tó jìnnà. Ọdún méjì ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bí oṣù yìí bá parí, mo ń lọ. Mi ò fẹ́ẹ dá lọ."

"Màmá mi ńkọ́?"

"Mo máa wá rí wọn."

"O ò mọ̀ wọ́n."

"Ṣebí mo ní mo máa wá."

* * *

Ó wá lóòótọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló mú un gun àtẹ̀gùn. Màmá jẹ́ kí ó jókòó, ó jẹ́ kí ó mu tíì, lẹ́yìn náà ló wo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ tó ti pá.

"Orí orúnkún lo ti ń wá oúnjẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Iṣẹ́ wa ni."

"Tó o bá di ẹni àádọ́ta ọdún, orúnkún yẹn á dà bí ọwọ́ mi yìí. Ta ló máa wá gbé ẹ dìde? Ọmọ mi náà ni. Ó ti ń gbé ẹnì kan dìde tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ ná," Àǹtí Nọ́ọ̀sì dá sí i.

"Mo ti bá a sọ ọ́. Mi ò lé e. Kúbùsù nìyẹn. Bí etí rẹ̀ bá ti tọ́, kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà láti ọdún mẹ́ta."

Onítáìsì dìde lọ síbi tí kúbùsù wà. Ó fi ìka kan tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọ inú, ó yọ síta, ó wọ inú. Ó dúpẹ́ tíì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ bá a lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ààyè lè gbà wọ́n.

"Etí yẹn ò ní í tọ́ láéláé," Onítáìsì ní.

"Mo máa fi ìlà kan kún un."

"O lè fi ọgọ́rùn-ún kún un. Bó ṣe wà nìyẹn. Nígbà tí èmi bá dé etí ògiri, kí lo rò pé mo ń ṣe? Mo ń gé e sí méjì. Gbogbo táìsì tó kan ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ìdajì ni. O ti ń gba orí wọn kọjá láti oṣù mẹ́rin."

"Wúùlù ò ṣeé gé."

"Kó o hun ún ní ìdajì."

"Ìdajì kì í sùn nílé wa."

Ohùn Onítáìsì rọ̀ nígbà tó béèrè pé, "Ṣé Màmá mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Pé kò lè tọ́."

"Ìyá mi lò ń pè ní òpùrọ́ yẹn?"

"Ìbéèrè ni mo béèrè."

"Máa lọ."

Ó lọ. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Jẹ́jẹ́ ò gbúròó rẹ̀, òun náà ò sì lọ sí òpin òpópónà. Inú ń bí i sí ọkùnrin náà gan-an. Àmọ́ ìbínú yẹn ò jẹ́ kó gbàgbé ìbéèrè rẹ̀. Bó bá ń de bọ́tìnnì Màmá, ìbéèrè náà wà níbẹ̀. Bí Màmá bá ní "ó wọ́," ìbéèrè náà tún jókòó tì í. Tí Màmá bá mọ̀, báwo ni òun á ṣe máa wo ojú ẹ̀? Tí kò bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ̀rù fi ń ba òun láti bi í?

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó lọ sí ilé ìwòsàn, kò lọ wá ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ẹsẹ̀ ògiri. Odindi, ìdajì, odindi, ìdajì, títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Aláìsàn kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yẹtí rẹ̀ ló sọnù.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí Màmá sùn lẹ́yìn oúnjẹ, ó hun ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta péré nínú mẹ́fà, ó yí i padà, ó tún hun ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Kò sí ìgbà kankan láyé rẹ̀ tí ó tíì mọ̀ọ́mọ̀ dúró láàárín ẹyọ. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń jí nǹkan. Nígbà tó gbé e sínú àlàfo, ó wọ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Iná orí òpó tàn níwájú ilé. Jẹ́jẹ́ sáré fi ìdajì náà sínú agolo mílíìkì, ó sì tì í sẹ́yìn ìrẹsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdajì sùn nínú ilé náà, àmọ́ òun tó gbé e pamọ́ ni kò sùn.

Ogún àlàfo ló wà, mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì. Ó ń hun méjì tàbí mẹ́ta ní gbogbo ọ̀sán.

"Ọwọ́ ẹ ń yá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí," ni Màmá sọ lọ́jọ́ kan. Jẹ́jẹ́ ní oníbàárà ló pọ̀.

* * *

Ọ̀sán Sunday ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ti so mọ́kàndínlógún mọ́ ọn, ó ku ọ̀kan ṣoṣo nígun ìsàlẹ̀, nígbà tó gbójú sókè tó rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Gbé e wá."

Jẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ sí i lórí itan. Màmá fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti òkè. Ìka náà dúró lórí ìdajì àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún ń lọ. Kò kánjú. Nígbà tó dé ibi àlàfo tó kù, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Onítáìsì."

"Kì í ṣe ìwọ lo rò ó."

"Rárá, Màmá."

"Ọdún mẹ́ta." Màmá mí kanlẹ̀. "Lọ gbé kúbùsù búráùn wá."

Jẹ́jẹ́ ṣí àpótí, ó gbé e wá.

"Fọwọ́ kan etí ẹ̀. Kì í ṣe àárín. Etí."

Ìṣẹ́tí kúbùsù náà nípọn, wúùlù rẹ̀ sì ti gbó, ojú lásán ò lè tètè dá nǹkan mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka Jẹ́jẹ́ kì í ṣe ìka àlejò. Odindi, ìdajì, odindi, ìdajì.

"Ẹ mọ̀," ó ní.

"Oṣù méje ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi sé ẹ mọ́lé yìí náà ni ìyá mi fi sé mi mọ́lé. Inú bàtà bàbá mi ni mo ń kó ìdajì sí. Ọjọ́ tí ìyá mi rí i, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ẹ lọ tó báyìí, kó máa lọ." Màmá ń ra ìka rẹ̀ mọ́ra. "Nígbà tí mo rí i pé o ò rí i, mo gbé kúbùsù yìí sórí ibùsùn ẹ nígbà ọ̀tútù. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọwọ́ ara ẹ lo fi ń ki etí ẹ̀ sábẹ́ ibùsùn láràárọ̀. Mo ní tó bá ń wù ú láti lọ, á wò ó. O ò wò ó. Ni mo bá rò pé o ò fẹ́ẹ lọ."

"Ṣé ẹ rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Màmá tún fi ìka kan etí kúbùsù tó wà lórí itan rẹ̀.

"Ó wù mí kí n rò bẹ́ẹ̀. Inú mi sì dùn. Mi ò ní í purọ́ fún ẹ."

Ohun tó dun Jẹ́jẹ́ jù kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ mọ̀. Òun gan-an ló wá ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ọmọ ilé yìí ni, ìka rẹ̀ mọ ìhun ju ojú rẹ̀ lọ, báwo ni ìka yẹn ṣe kọjá lórí ìdajì fún ìgbà ọ̀tútù mẹ́ta tí kò bi í ní nǹkan kan? Àbí lóòótọ́ ni òun ti ń bẹ̀rù láti gba àtẹ̀gùn yẹn lọ? Ó rántí Tíṣà. Kò lè sọ bóyá Tíṣà ni òun sunkún fún lọ́jọ́ yẹn, tàbí ara òun.

"Tíṣà lọ, Màmá. Ẹ wò mí níran."

"Mo mọ̀."

Jẹ́jẹ́ mú ìkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka wíwú náà dé lé e.

"Ó ku ọ̀kan. Mi ò ní í hun ún."

"Ọwọ́ mi yìí?"

"Ọwọ́ yín náà ni. Mi ò fẹ́ẹ jáde bí olè. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ní kí Onítáìsì mú bàbá rẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n lọ, ẹ hun ún. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́. Ẹ má tún sọ pé etí ló wọ́."

Ohùn rẹ̀ ò ga. Àmọ́ kò sí ẹni tó bá wà níbẹ̀ tó máa pè é ní Jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ó lọ bá Onítáìsì, ó bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Tí wọn ò bá hun ún ńkọ́?" Onítáìsì béèrè.

"Mi ò mọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí, òótọ́ sì ni.

* * *

Láti Monday dé Friday, Màmá ò fọwọ́ kan ìkọ́. Ó wà lórí tábìlì, wọ́n ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń de bọ́tìnnì fún un, wọn ò sì sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé, Onítáìsì dé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì níwájú bí ẹni tó ń kó ọmọ ilé ìwé lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ Onítáìsì máa gbéra. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n jókòó. Kúbùsù wà lórí itan Màmá, àlàfo kan nígun rẹ̀.

"Bàbá," Màmá sọ, "ṣé ọmọ yín máa ń parí nǹkan tó bá bẹ̀rẹ̀?"

"Ó máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, Màmá. Àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, á parí ẹ̀."

"Gbé wúùlù fún mi," Màmá sọ fún ọmọ rẹ̀.

Aago méjì ló bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìhun àkọ́kọ́ tó dúró. Àǹtí Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, Màmá wò ó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ń yún un. Ó fi wọ́n sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ní aago mẹ́ta, ìlà kan ló wà níbẹ̀. Òógùn ń bọ́ létí Màmá. Bàbá Onítáìsì sùn lọ, ó hanrun, ó ta jí, ó sì bẹ gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ní aago márùn-ún kọjá, Màmá ṣi ìhun kan kà, ó rí i, ó sì tú ìlà kan àtààbọ̀. Onítáìsì ń wo ilẹ̀. Jẹ́jẹ́ rí ìyá rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ètè rẹ̀ nítorí ìrora, ó sì kù díẹ̀ kó sọ pé kó fi sílẹ̀. Kò sọ ọ́. Ohun tó le jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ojú ọjọ́ ń ṣú bọ̀. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan péré nígbà tí iná orí òpó tàn níwájú ilé, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ sórí ilẹ̀ pálọ̀ náà.

Ìkọ́ dúró. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ òfin náà, Àǹtí ti ròyìn rẹ̀ fún àwọn àlejò lórí àtẹ̀gùn. Màmá wo fèrèsé. Ó wo nǹkan kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti fi wákàtí mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ hun. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀.

"Fa kọ́tínì yẹn," ó ní.

"Màmá?"

"Mo ní kó o fa kọ́tínì. Mi ò rí iná kankan."

Jẹ́jẹ́ dìde, ó fà á. Nínú òkùnkùn díẹ̀ tó bò wọ́n, wọ́n gbọ́ bí ìkọ́ ṣe tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, àti bí Màmá ṣe ń ka ìhun lábẹ́ èémí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kejì nílé náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Jẹ́jẹ́ lọ, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ń de bọ́tìnnì báyìí, ó sì ń ráhùn sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú tó jìnnà yẹn, kúbùsù náà wà lórí ibùsùn Jẹ́jẹ́ àti Onítáìsì. Etí rẹ̀ tọ́ yíká, àyàfi ìdajì kan nígun ìsàlẹ̀ tó wọ́ gan-an, tí ìhun rẹ̀ ò dọ́gba, tí ó sì le bí ẹni pé wọ́n fi ìbínú fà á. Láràárọ̀ tí Jẹ́jẹ́ bá ń tẹ́ ibùsùn, á ki etí kúbùsù sábẹ́ rẹ̀ yíká bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bó bá dé ibi ìdajì yẹn, á fọwọ́ tọ́ ọ, á sì fi í sílẹ̀ síta.